Àyìndé Nínú Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Nílé ìwòsàn tí Àyìndé ti ń ṣiṣẹ́ ní Tamale, ní àríwá Gánà, díẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Mísítà Rahman ni wọ́n ń pè é, nítorí Abdul-Rahman ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń ya àwòrán egungun àwọn tó bá ṣubú lórí alùpùpù, irú wọn kì í sì í wọ́n nílùú tí ọmọdé àti àgbà ti ń gun alùpùpù. Oyèlọlá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tẹ́lẹ̀ tó ń fi oríkì pè é. Nígbà òjò èṣí ni Oyèlọlá kú.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Àyìndé ti wá, ṣùgbọ́n Tamale ni wọ́n bí òun sí. Dagbani ló fi ń sọ fún aláìsàn pé kó mí sínú kó má mí síta. Hausa ló fi ń kí àwọn ará àdúgbò. Yorùbá ní tirẹ̀, èdè ilé ni. Ilé náà wà ní àdúgbò Vittin, ó fẹ̀, Àyìndé nìkan ló sì ń sùn síbẹ̀ báyìí.

Muslimah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Kánádà. Nígbà tó gbọ́ pé orúnkún ọ̀tún bàbá òun ti ń wú, ó ra ọkọ̀ kan, ó fi ránṣẹ́ gba orí omi títí dé èbúté Tema, awakọ̀ kan sì bá wọn wà á wá sí Tamale. Ọkọ̀ náà ní ojú níwájú, ó ní ojú lẹ́yìn, ó sì ń ké bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tó dé, Muslimah pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù tí wọ́n fi ń rí ojú ara wọn.

“Bàbá, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún sítíárìn yẹn. Ṣé ẹ rí bọ́tìnnì tí wọ́n ya ọkọ̀ kékeré sí?”

“Mo rí i.”

“Bẹ́ ẹ bá wọ inú gò-síló, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí ọkọ̀ iwájú bá rìn, tiyín náà á rìn. Bó bá dúró, tiyín á dúró. Bí ìdúró yẹn bá ti pẹ́ díẹ̀, ẹ tún un tẹ̀, á máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú kúrò lọ́nà o, Bàbá. Ó kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni, ẹ̀yin lẹ̀ ń wakọ̀.”

“Ṣé èmi tí mo ti ń wakọ̀ kí n tó bí ọ lo ń kọ́ ní ọkọ̀ wíwà?”

Muslimah rẹ́rìn-ín. Àyìndé kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà fún ìgbà pípẹ́.

Ìrora ló mú un gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà dí pa. Ó tẹ bíréèkì, ó tu ú, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí orúnkún rẹ̀ fi gbóná bí ẹni pé wọ́n fi iná sí i. Ó fi ìbínú tẹ bọ́tìnnì náà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ iwájú rìn, tirẹ̀ náà sì rọra tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ iwájú dúró, tirẹ̀ náà dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, láìta á síwájú. Àyìndé gbé ẹsẹ̀ sókè lórí bíréèkì bí ẹni tó fẹ́ pa àkekèé. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé Vittin, ẹsẹ̀ náà ti tutù, ó sì gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀.

Ìwọ̀nba ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni àyè tí ọkọ̀ náà máa ń fi sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ní Tamale, àyè kì í ṣófo. Alùpùpù á já wọ ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ yẹ́lò-yẹ́lò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á ki imú bọ̀ ọ́, ọkọ̀ Àyìndé á sì fà sẹ́yìn fún ẹni gbogbo bí ìyàwó tuntun. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè. Ó wá bọ́tìnnì tó fi dín àyè náà kù, ṣùgbọ́n kò dín tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ ṣe sinmi, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn kò sinmi. Nígbà tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀, tó ń bú àwọn ọlọ́kọ̀, kò ráyè ronú. Ní báyìí, ó jókòó bí àlejò nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ á máa bọ́ sórí àga ọ̀tún, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Á máa wo àwọn tó ń kọjá: ọkọ, ìyàwó àti ọmọ lórí alùpùpù kan, ìyàwó gbé ojú lé ẹ̀yìn ọkọ. Àwọn obìnrin méjì á wà lórí òmíràn, wọ́n á máa pariwo rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìborí tí atẹ́gùn ń fẹ́. Àwọn tó ń lọ sílé tí ẹnìkan ti ń retí wọn, ó máa ń dà bíi pé gbogbo ìlú ló wà nínú wọn, àfi òun.

Ó gbìyànjú láti máa pe Muslimah nínú gò-síló náà. Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ tirẹ̀ nígbà náà.

“Bàbá, ṣé kò sí o? Mo wà níbi iṣẹ́.”

“Kò sí. Mo ní kí n kí ọ ni.”

“Màá pè yín tó bá yá.”

Nígbà tó bá máa pè, Àyìndé á ti sùn.

Báyìí ló ṣe wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ búrẹ́dì kan ló wà níwájú rẹ̀, ó ga, kò jẹ́ kó rí ọ̀nà. Ọkọ̀ Àyìndé ti ń tẹ̀ lé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ọjà. Àyìndé ń ronú nípa ọbẹ̀ tó máa gbé kaná, bóyá ó tilẹ̀ yẹ kéèyàn dáná nítorí ara rẹ̀ nìkan. Ọkọ̀ búrẹ́dì ṣàdédé yà sápá òsì. Bí iwájú ṣe ṣófo, ọkọ̀ Àyìndé tẹ iná, ó ta síwájú. Alùpùpù kan dúró gbagidi lójú ọ̀nà, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ké, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Àyìndé ló kọ́kọ́ dé orí bíréèkì. Táyà han. Imú ọkọ̀ kan ẹ̀yìn alùpùpù, alùpùpù ṣubú, obìnrin náà ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

“Naawuni!” ló kígbe, ó ń pe Ọlọ́run ní Dagbani.

“Olúwa mi o! Mo gbé!” Àyìndé jáde. “Ṣé o ò fara pa? Jẹ́ kí n wo ọwọ́ yẹn.”

Èrò ti ń yí wọn ká. Ọkùnrin kan ní ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ bi Àyìndé ní Dagbani pé ṣé ó ń sùn ni.

“Ọkọ̀ náà ló ń wa ara rẹ̀,” Àyìndé fèsì, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn bínú. Ojú tì í débi tí kò lè gbé orí sókè. Lójoojúmọ́ ló ń rí egungun àwọn tí ọkọ̀ gbá, ó mọ bí i ti obìnrin yìí ì bá ṣe rí lórí àwòrán.

Obìnrin náà gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó wo Àyìndé dáadáa, ó wá fi Yorùbá tó wúwo lẹ́nu rẹ̀ sọ pé, “Haba, Bàbá! Ẹ fẹ́ pa mi? Ṣéènì mi ló yọ. Mo ń tún un ṣe.”

Ẹnu ya Àyìndé. “O ń sọ Yorùbá?”

“Mo ń gbọ́. Láti sọ ọ́ ló le.”

Hamdiya lorúkọ rẹ̀, Kakpagyili ló ń gbé. Wọ́n jọ ti alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ fítà tó ń tún alùpùpù ṣe nítòsí, Àyìndé ń tiro, Hamdiya ń sọ pé kó fi í sílẹ̀, ó kọ̀. Orí bẹ́ǹṣì fítà náà ni wọ́n jókòó sí títí ó fi dá ṣéènì padà, tó sì tún iná ẹ̀yìn tó fọ́ ṣe. Hamdiya sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ni ìyá tó bí bàbá òun, pé màmá náà kì í fi èdè mìíràn bá òun wí. Láti ìgbà tó ti kú, kò sí ẹni tó tún sọ ọ́ sí òun létí.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ta lẹ máa ń bá sọ ọ́ nílé?”

Ìbéèrè kékeré ni. Àyìndé wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti dúdú nítorí gíríìsì.

“Kò sẹ́nì kankan,” ló fèsì. “Ìyàwó mi ti kú.”

Hamdiya yíjú sí i. Ó wá ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá.” Ó sọ ọ́ dáadáa, láìkọsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í pé ṣé kì í lọ sí ìpàdé àwọn Yorùbá tó máa ń wáyé lọ́jọ́ Àìkú, èyí tí ìyá bàbá òun kì í pa jẹ.

“Èmi àti ìyàwó mi la jọ máa ń lọ. Mi ò tíì lè dá a lọ.”

Hamdiya kò sọ pé kó lọ, kò sọ pé kó má lọ. Nígbà tí fítà parí, ó kí i pó dàárọ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀, àárín àwọn yòókù sì gbé e mì.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, Muslimah pè. Àyìndé sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó fi ohùn líle sọ̀rọ̀. “Bàbá, ó máa ń ṣòro fún ọkọ̀ yẹn láti rí ohun tó dúró sójú kan bí ọkọ̀ iwájú bá ṣàdédé yà! Mo ní kẹ́ ẹ máa wo ọ̀nà!”

“Mò ń wo ọ̀nà. Ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀.”

“Níbo ló wà?”

“Muslimah, ilé yìí dákẹ́ jù.”

Àyìndé rí i lójú fóònù pé ọmọ òun ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní òun rò pé bí òun bá ti ra ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ọ, ara òun á balẹ̀. Àyìndé ní ọkọ̀ náà dára, pé orúnkún òun ń dúpẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ó ṣì ń tẹ bọ́tìnnì náà bí orúnkún bá le, ṣùgbọ́n kì í gbé ẹsẹ̀ jìnnà sí bíréèkì mọ́. Bí ọkọ̀ tó ga bá sì wà níwájú, òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á.

Ó wá ojú Hamdiya títí láàárín àwọn alùpùpù ìrọ̀lẹ́. Kò tún rí i.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wọ bùbá, ó lọ sí ìpàdé. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Wọ́n kí i, wọ́n bá a kẹ́dùn bí ẹni pé àná ni, lẹ́yìn náà wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ ìsìnkú ẹlòmíràn. Ó gbọ́ Yorùbá títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì rí nǹkan kan dá sí i. Nígbà tí wọ́n tú ká, akọ̀wé ìpàdé bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ìyá àgbà kan dé Jisonayili. Ìyá náà jókòó sí àga ọ̀tún, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn náà dé òpin. Àyìndé kàn ń sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

Ní ẹnu géètì, ìyá náà ṣàdúrà fún un, ó wọlé. Àyìndé kò tíì gbéra. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá náà nínú ọgbà, bó ṣe ń bá àwọn ewúrẹ́ náà wí ní Yorùbá, títí ẹnìkan fi ti ilẹ̀kùn. Nígbà náà ló tó yí orí ọkọ̀ padà sí Vittin.