Àgbàdo Tí Wọ́n Ṣà Wá fún Mi

Orí tábìlì iṣẹ́ mi, láàárín àwọn ìgò, ni Hajia Rálíátù gbé òkú tòlótòló lé. Wọ́n tẹ́ ìwé kan lé e láyà. Èmi ni mo kọ ìwé náà, èmi ni mo sì fọwọ́ sí i: "A kò rí oró kankan nínú àgbàdo yìí."

"Rafia, ìwọ lo ní kò sí nǹkan nínú àgbàdo mi," wọ́n ní. "Èyí tó kú láàárọ̀ yìí ló ṣe ìkọkànlá. Wallahi, mo ti mọ ẹni tó ń pa wọ́n."

Kumasi ni mo ti ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò oúnjẹ àwọn ẹran ọ̀sìn, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé ìyàn ńlá. Bí àgbàdo bá tutù nínú àpò, yóò bu, oró á sì jókòó sínú rẹ̀. Oró náà kì í rùn, sísè kì í sì í pa á. Ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́, tòlótòló kì í sì í lè fara dà á rárá. Láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, a ó lọ àgbàdo, a ó fa omi rẹ̀, a ó kán an sójú gíláàsì pẹlẹbẹ, a ó gbé e sábẹ́ iná kan nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bí oró bá wà, á tàn búlúù. Ti Hajia kò tàn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Hajia bíi tèmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kumasi, tí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, tòlótòló ni gbogbo ohun tí wọ́n gbójú lé.

"Ta lẹ ní ó ń pa wọ́n, Màámi?"

"Adwoa tí a jọ ń gbé. Ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé àwọn tòlótòló mi ń jẹ ilá òun. Ìwé rẹ ní kì í ṣe àgbàdo. Ta ló wá kù? Mo ti sọ ọ́ sí i lójú gbogbo ilé lánàá. To, ó parí."

Mo la tòlótòló náà. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, ó ń fọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí májèlé Adwoa kankan níbẹ̀. Oró àgbàdo ni.

"Màámi, níbo lẹ ti bu àgbàdo tí ẹ gbé wá fún mi?"

"Nínú àpò tí mo fi ń bọ́ wọn náà ni. Mo dà á sórí atẹ, mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́, mo sá a fún ọjọ́ méjì. Àbí ìdọ̀tí ni kí n gbé wá sí ọ́fíìsì ìjọba? Kí àwọn ọ̀gá rẹ máa wò mí bí ọ̀bùn?"

"Èyí tí ẹ ṣà kúrò ńkọ́?"

"Ìyẹn ti bu, ó ti dúdú. Àwọn tòlótòló ni mo dà á fún. Ta ló ń da oúnjẹ nù lẹ́yìn ìyàn?"

Mo jókòó. Inú bí mi débi pé n kò mọ ẹni tí ǹ bá bú. Wọ́n ṣa àgbàdo bí ẹni tó ń gbé e lọ fún àna, wọ́n sì fi ìyókù pa ẹran wọn. Gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ ẹran wá fún wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ọkùnrin kan láti Bantama di kúlíkúlí tó fi ń bọ́ adìyẹ sínú áńkáṣífù funfun wá fún mi. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n nà. Nígbà tí Hajia gbé àgbàdo yẹn wá, mo yìn ín. Mo ní, "Màámi, àgbàdo yìí mà mọ́ o." N kò béèrè ohun tó sọ ọ́ di mímọ́.

Láti ọjọ́ náà títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò tún fọwọ́ sí ìwé lórí oúnjẹ tí n kò fi ọwọ́ ara mi bù. Mo ní irin gígùn kan tó ní ihò nínú, mo máa ń tì í wọ àpò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ Hajia ni mo ti kọ́kọ́ lò ó, lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gíláàsì tàn búlúù.

Mo kọ ìwé mìíràn, mo sì ní kí Hajia jẹ́ ká jọ lọ bá Adwoa. A bá a níwájú yàrá rẹ̀, ó ń bó kókò. Mo fi Twi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, pé ìwé mi ló ṣi Hajia lọ́nà, pé Adwoa kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

"Yoo, mate," ó ní. Ìyẹn ni pé òun ti gbọ́.

Ó wá yíjú sí Hajia, ó fi Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu wọn dá wọn lóhùn.

"Hajia, ìwé ọmọ yìí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ogún ọdún ni èmi àti ìwọ ti jọ ń dáná nínú àgbàlá yìí. Ìwé lo gbà gbọ́."

Mo rọra ká ìwé tuntun tó wà lọ́wọ́ mi, mo fi í sápò.