Fọ́tò Mummy Ogudu

Títí dòní, bí fóònù mi bá dún nígbà tí mo ń jẹun, inú máa ń bí mi. Mummy kan ní Ogudu ló fà á. Mo ń ṣe ìkànnì ayélujára fún ilé-ìwé wọn, ìgbà oúnjẹ ni wọ́n sì máa ń pè: "Ọmọ mi, nǹkan kékeré báyìí ni."

Fọ́tò wọn tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìkànnì náà ni nǹkan kékeré ọ̀hún. Kí n sọ ọ́ di ńlá sí i. Tí mo bá ní ó ti tó, wọ́n á ní, "Ṣé ilé-ìwé bàbá ẹ ni?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìkànnì náà han àwọn òbí, wọ́n gba máìkì, wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ní London ló ṣe é. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún pè: "Fọ́tò yẹn, jẹ́ kó kún ibẹ̀!"

Mi ò jiyàn mọ́. Mo jẹ́ kó kún ibẹ̀. Lórí fóònù àwọn òbí, imú Mummy nìkan ló kù. Orúkọ ilé-ìwé ò hàn mọ́.

Mummy pè mí títí. Mo jẹun yó kí n tó gbé fóònù.

"Mummy, nǹkan kékeré báyìí ni. Ẹ pe London."