Orin Ìwẹ̀ àti Ẹ̀rọ Atúnhùnṣe

N kì í gba ẹni tó ń ta ẹ̀rọ gbọ́. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé máìkì kan lè gbọ́ ohun tí èèrà ń sọ, mo máa ní kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n sì mú èèrà náà dání. Bí mo ṣe di ẹni tí àwọn onísítúdíò Àbújá ń wá nìyẹn. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì ìjọba ni mo wà, mò ń ti fáìlì láti orí tábìlì kan sí òmíràn. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá ti ara mi mọ́ yàrá kan lẹ́yìn ilé wa, màá máa dán ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wò fún àwọn tó fẹ́ rà á. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kan àga ní Kugbo ni mo fi bo ògiri kí ariwo má baà wọlé. Ìyàwó mi ní ó dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin dìde dúró, wọ́n fẹ́ jà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkùnrin kan tó ní sítúdíò ní Wuse ti kó nǹkan méjì fún mi pé kí n sọ fún òun bóyá kí òun rà wọ́n: máìkì olówó gọbọi kan, àti plọ́gíìnì kan. Plọ́gíìnì, ẹ̀rọ tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ni. Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Iṣẹ́ tí èyí ń ṣe ni láti tún ohùn ṣe: bí akọrin bá ṣìnà, á fà á padà sójú ọ̀nà.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ náà. Òkè-Ògùn ló ti wá gba físà, nítorí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Màmá ló sì yẹ kó lọ máa wẹ ọmọ náà. Wọn ò fún un. Kànrìnkàn tuntun wà nínú báàgì rẹ̀, ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, ike òrí ńlá kan sì wà níbẹ̀. Nígbà tó dé láti ibi tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ike òrí fún ìyàwó mi.

"Ìyàwó mi, gbà, máa fi para. Kò níbi tó ń lọ mọ́."

Ó dùn mí ju kó sunkún lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ó yọjú sí yàrá mi, ó wo gbogbo wáyà tó wà nílẹ̀.

"Àwọn ẹ̀rọ rẹ yìí, ṣé wọ́n lè gbé ohùn mi dọ́dọ̀ ọmọ yẹn?"

"Kíákíá báyìí, Màmá."

"Ohùn ò nílò físà?"

"Kò nílò físà, mà."

"Ó dáa. Lọ gbé omi wá."

Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni. Rárá o. Màmá ò lè kọ orin ìwẹ̀ láìwẹ ọmọ. Bí mo ṣe gbé abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ síwájú máìkì tí kì í ṣe tèmi nìyẹn, tí mò ń gbàdúrà pé kó má ta sí i. Ó ká táwẹ́ẹ̀lì, ó gbé e lé itan, ó ń bu omi sí i lára, ó ń fà á lápá bí ẹni pé ó ní apá, ó sì ń kọrin:

Omi ti lọ́, má sunkún mọ́,
Òrí wà ńlẹ̀, má sunkún mọ́,
Má sunkún mọ́, ìyá ń bọ̀.

Ìyá tó ń wí, ara rẹ̀ ló ń wí. Máìkì yẹn sì dára, n kò ní parọ́. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń kán, ó gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n ohùn Màmá ń gbọ̀n díẹ̀, àgbà ti dé, plọ́gíìnì sì wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń wò mí lójú. Mo tan án, mo yí i dé òpin. Ohùn Màmá tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ń retí oríyìn.

Kò pẹ́ tó fi pè. Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ mi ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹ tún orin yẹn gbọ́ ná."

Mo tún un gbọ́, Màmá náà ń gbọ́. Ohùn tó gún régé jáde: Má sunkún mọ́, ìyà ń bọ̀.

Plọ́gíìnì ti wò ó pé ibẹ̀ ga jù, ó bá fà á wálẹ̀. Àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi? Kí n jókòó sí Àbújá, kí n máa fi ìyà halẹ̀ mọ́ ọmọ ọjọ́ méjìlá?"

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín wá gbé òun náà, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi etí ìró nu ojú, ó wá yíjú sí mi.

"Ṣé o gbọ́ orin yẹn kí o tó fi ránṣẹ́?"

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"Ohùn lo gbọ́. O ò gbọ́ ọ̀rọ̀."

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń fi etí yangàn káàkiri Àbújá! Bí wáyà kan bá ń kùn lábẹ́ tábìlì, mo máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Màmá fẹ́ kó sọdá òkun ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pa plọ́gíìnì, mo fi orin náà ránṣẹ́ bó ṣe wà, tòun ti omi àti ohùn tó ń gbọ̀n. Àbúrò mi ní òun fẹ́ wẹ ọmọ, ó tan orin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìwẹ̀, a sì jọ ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Ọmọ náà ké, ó ké, ó wá dákẹ́. Bóyá orin ni, bóyá omi gidi ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, n kò mọ̀. Mo ti ní n kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́.

"Màámi, ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́?" ni àbúrò mi wí. "Ó ti gbà pé ẹ ń bọ̀ o."

Màmá fún táwẹ́ẹ̀lì, ó jáde.

Mo kọ̀wé sí ọkùnrin Wuse pé kó ra máìkì. Ní ti plọ́gíìnì, mo ní ó dára gan-an fún orin tí kò bá ní ọ̀rọ̀ nínú. Mo wá kúnlẹ̀, mo ń nu omi nílẹ̀, ni mo bá ń gbọ́ Màmá ní kọ́rídọ̀, ó ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, má bínú, òrí yẹn dà? Dá a padà fún mi. N óò tún físà yẹn béèrè. Mo ti sọ fọ́mọ pé mò ń bọ̀."