Igi Pẹlẹbẹ Abẹ́ Mọ́tò Silas

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Silas Oyèṣọlá, ẹ kàn gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò Pijó rẹ̀ láìfi igi lé e lórí. Háà! Ó ní irin jáàkì á tẹ etí abẹ́ mọ́tò wọnú, ọ̀dà á bó, ibẹ̀ á sì dípẹtà. Igi pẹlẹbẹ kan ló gbẹ́ fún un, ó la ojú tóóró sí i láàárín kí etí mọ́tò lè wọ inú rẹ̀. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè Òṣogbo ni, ó wá rẹ igi náà sínú ọ́ìlì bí wọ́n ti ń ṣe sí igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin ojú ọ̀nà rélùwéè, nítorí ikán.

Phebe ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ di igi mú tí Silas á fi máa yí jáàkì. Wọn ò bímọ, àwọn méjèèjì náà ni wọ́n jọ ń ṣe gbogbo nǹkan. Nígbà kan tí Sànúsí, aládùúgbò wọn ní Dàda Estate, ní kí òun ràn wọ́n lọ́wọ́, Silas jágbe mọ́ ọn pé ọwọ́ ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kan mọ́tò òun. Láti ìgbà náà, ẹ káàárọ̀ nìkan ló kù láàárín wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní 1996, táyà ẹ̀yìn jò pátápátá. Ọjọ́ náà gan-an ni ìsìn ìrántí ọdún kan tí Phebe kú, ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn ní Iléṣà. Ẹ̀rù ìjókòó iwájú ló ń ba Silas, èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọkọ àti ọmọ olóògbé. Òun nìkan ni yóò jókòó síbẹ̀, tí gbogbo ìjọ á máa wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Ó gbé igi lé orí jáàkì, ó yí i. Igi yọ̀. Ó tún un gbé, ó dìde, ó yí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ́ìlì tó fi rẹ ẹ́ ló ń yọ̀! Bàbá ò mọ̀ látọjọ́ yìí, ọwọ́ Phebe ló ti ń bo àṣírí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, igi fò yọ, irin jáàkì sì tẹ etí mọ́tò wọnú.

Silas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun. Kò tilẹ̀ wo ibi tó tẹ̀. "Phebe, mi ò lè dá a ṣe," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Sànúsí gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọgbà. Ó wọlé wá. Ó fi iyanrìn nu ọ́ìlì kúrò lára igi, ó dì í mú títí jáàkì fi gbá a mọ́ abẹ́ mọ́tò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pààrọ̀ táyà.

"Ẹ máa lọ, bàbá. Ẹ ṣì máa bá wọn."

Silas di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, kò wọlé. "Sànúsí, jọ̀ọ́. Ṣé o lè wá bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Sànúsí wo ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n wọ bùbá mi."