Ẹran Ara Tiyín, Eegun Tiwa

Ọkọ mi ní gbólóhùn kan tó máa ń sọ bó bá fẹ́ fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Òun nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Gbogbo baba tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà náà ló mọ̀ ọ́n sórí: "Mètírì, ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, eegun rẹ̀ ni tiwa." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ na ọmọ bó ṣe wù ú, kó ṣáà má pa á. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, ọmọ á dúró láàárín wọn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń ná lọ́jà.

Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, ilé ìwé ìjọba kún fọ́fọ́, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ọmọ tó bá mọ̀wé ni yóò jókòó sórí àga tí òyìnbó dìde kúrò lórí rẹ̀. Ọmọ tèmi lo ọdún méjì ní kíláàsì àkọ́kọ́ láìlè dá lẹ́tà mẹ́ta mọ̀ yàtọ̀ síra. Èyí tó bá kọ dáadáa lónìí, yóò dorí rẹ̀ kodò lọ́la. Kì í ṣe òmùgọ̀. Èmi tí mo bí i mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n ò lè ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ ni inú máa ń run ún, bó bá di ọjọ́ Àìkú, inú náà á sàn. Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé ìwé ní kí a mú un kúrò, pé orí rẹ̀ ti pa dé.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ní a óò gbìyànjú ilé ìwé aládàáni. Bí wọn ò bá gbà á níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Kútọnu yóò gbà á. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Abọ́ ni yóò máa fọ̀ lọ́hùn-ún títí yóò fi tó ilé ọkọ.

Ilé ìwé tí a kọ́kọ́ lọ tóbi. Páànù rẹ̀ ń dán, agogo rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń mọ àsìkò. Ọkọ mi sọ gbólóhùn rẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wo ọmọ látòkè délẹ̀, ó ní, "Orí tó bá dì, a óò là á." Inú ọkọ mi dùn. Ọwọ́ ọmọ mi tó wà nínú tèmi ti tutù. Mo ní kí a dé ibìkejì ná.

"Lékóólù wo ni ibìkejì? Èyí tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ lẹ́sẹ̀ òkè yẹn?"

"Òun náà ni, Bàbá wọn. Kò jìnnà débi tí ẹsẹ̀ yóò fi máa dùn yín."

Mo lágídí, n ò níí purọ́, òun náà sì mọ̀. Ó tẹ̀lé mi, ó ń kùn lọ.

Yàrá méjì péré ni. Obìnrin kan tó ti ìhà Àjàṣẹ́ wá ló dá a sílẹ̀. A bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀. Ọkọ mi kò tilẹ̀ jókòó. "Madámù, ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, eegun rẹ̀ ni tiwa."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, kí ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Kò mọ nǹkan kan. Ìdí tí a fi mú un wá nìyẹn."

"Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ọkọ mi wò mí. Láti ìgbà tí a ti ń mú ọmọ yìí kiri, ẹnikẹ́ni kò bi wá bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ó mọ irun dì. Bó bá rí irun lórí ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan péré, yóò dì í bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọkọ mi wúkọ́. Irun kọ́ ló gbé wa wá.

Ohun tí obìnrin náà ṣe tẹ̀lé e, títí di òní bí mo bá rántí rẹ̀, orí mi máa ń wú. Ó tú gèlè rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí kékeré táwọn ọmọdé ń jókòó lé, ó kẹ̀yìn sí ọmọ mi, ó ní, "Ó yá, dìrun fún mi." Olùkọ́ o, àgbàlagbà, ló tẹrí ba fún ọmọ tí wọ́n ní orí rẹ̀ ti pa dé.

Ọmọ náà wojú mi, mo fi orí sọ fún un pé kó ṣe é. Ó ya irun, ó bẹ̀rẹ̀ sí dì í. Madámù bi í pẹ̀lẹ́ pé báwo ló ṣe ń mọ ibi tí yóò yà sí. Ọmọ tí kì í lanu níwájú olùkọ́ dáhùn pé, "Ọwọ́ mi ló ń rántí, Màmá. Bí mo bá ń wò ó jù, ó máa ń sọ nù."

"Ó dáa." Obìnrin náà mú òwú, ó fi ṣe lẹ́tà kan sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó ní kí ọmọ dijú kó fi ìka tọ̀ ọ́. Ó tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni Madámù kó òwú náà jọ, ó kó o lé e lọ́wọ́, ó ní kó tún un ṣe.

Mo di aṣọ mi mú. Ojú ọmọ mi ṣì wà ní dídì. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ òwú náà, ó gbé e nàró, ó fún un ní ikùn, ikùn náà sì kọjú síbi tó yẹ. Èmi tí n ò tíì mọ̀wé kà nígbà náà dá lẹ́tà yẹn mọ̀, nítorí òun ni wọ́n torí rẹ̀ nà án jù lọ. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó ní ayọ̀ nínú. Mo ti mọ̀ pé nǹkan wà nínú ọmọ yìí. N ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Madámù fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Apá kan ti dì, apá kejì rí wúruwùru. "Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ló wí fún un. "Wá parí ẹ̀ lọ́la." Ó sì wé gèlè rẹ̀ padà.

Ọkọ mi ń wo òwú tó wà nílẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó jọ pé ó ń wá gbólóhùn rẹ̀, tí kò rí i mọ́. "Madámù," ó ní, "odidi la mú un wá. Ẹ jọ̀ọ́, odidi ni kí ẹ dá a padà fún wa."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, inú kò run ún. Ẹnu ọ̀nà ni mo bá a, ó ti wẹ̀, òòyà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí kí ilẹ̀ mọ́.