Ike Oògùn Màmá

Títí dòní, bí hóró oògùn bá ń ró ṣaworo nínú ike, inú á bí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, orúnkún ń dun ìyá mi àgbà. Wọ́n fi ike oògùn tí ọsibítù fún wọn kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà dì rán mi sí kẹ́míìsì, kí n béèrè oògùn orúnkún tí wọ́n lè lò mọ́ ọn.

Ọkùnrin tó ń ta oògùn níbẹ̀ ò tiẹ̀ wo ike yẹn. Ó da hóró pupa sínú bébà tó ń rùn kẹrosín.

"Kí wọ́n lò ó pọ̀, jàre! Oògùn kì í bá oògùn jà."

Màmá gbé méjèèjì mì, wọ́n sì súre fún un.

Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé àlòpọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n pọ ẹ̀jẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Níbi ìsìnkú, ọkùnrin yẹn jẹ ìrẹsì wa yó, ó wá ń bi mí pé, "Kí ló pa Màmá gan-an?"