Kóló Sìmẹ́ńtì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ra kóló onígi kan fún mi, wọ́n sì fún mi ní òfin kan ṣoṣo: a kì í yọjú wo kóló. Bí owó bá ti wọlé, ó di ọjọ́ tí kóló bá kún ká tó fọ́ ọ. Mo gbọ́ràn. Ì bá sàn kí n má gbọ́.

Nígbà tí ọjà gbówó lórí ní Àbújá, tí iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì láàárọ̀ kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á nírọ̀lẹ́, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ò mọ ibi tí a ó kówó oṣù sí mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì ní, "Owó tẹ́ ẹ fi sí báńkì yẹn ń rù o. Ẹ tètè fi ra nǹkan." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Èmi àti ọkọ mi ní ilẹ̀ kékeré kan ní Bwari tí a ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ sí. Ìyá mi ń dá gbé l'Ékìtì, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ti ṣèlérí pé yàrá tí a bá kọ́kọ́ kọ́, tiwọn ni. Bí wọ́n bá ti pè mí lórí fóònù, kò sí ọ̀rọ̀ méjì: "Yàrá mi ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn sú mi, mi ò ní purọ́.

Ni mo bá ń fi owó oṣù ra sìmẹ́ńtì. Bí owó bá ti wọlé, màá ra èyí tágbára mi ká ní Dutse Alhaji tí à ń gbé, oníkẹ̀kẹ́ á sì gbé e wá sílé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni oníkẹ̀kẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ará ibí. "Kai! Mọ́mì, ṣé inú yàrá lẹ ti ń kọ́lé ni?" Mo ní kó gbé ẹrù mi wọlé, kó yé ṣàwàdà. A ń tò ó sí yàrá àwọn ọmọ, tuntun lórí àtijọ́. Mi ò fọwọ́ kan tìsàlẹ̀ rí. Bí mo bá gbọ́ pé sìmẹ́ńtì tún ti gbówó lórí, inú mi á dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Òjò ọdún kan rọ̀ lọ, ti èkejì tún dé.

Ìgbà náà ni ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Kò sí pé à ń dúró mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo pe bíríkìlà pé kó wá kó sìmẹ́ńtì lọ sí Bwari. Ó gbé èyí tó wà lókè, ó dáa. Ó fẹsẹ̀ ta èyí tó wà nísàlẹ̀, ó dún kọ̀. Ó fi ọ̀bẹ ya àpò náà.

"Mọ́mì, òkúta ni èyí o."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyókù tó wà nísàlẹ̀. Èyí tó ṣì dáa níbẹ̀ kò tó fi kọ́ ilé adìyẹ. Ọkọ mi ní "Háà," ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Èmi ò sunkún. Ara mi kàn kú, bí ìgbà tí wọ́n bá fún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín. Mo bi bíríkìlà bóyá ó ti jẹun.

Ìyá mi dé. Yàrá tí sìmẹ́ńtì wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí, àwọn ọmọ ń sùn ní pálọ̀. A ti wọ́ àwọn òkúta náà síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ń fọṣọ, wọ́n jókòó lé ọ̀kan, wọ́n na ẹsẹ̀. Wọ́n fọwọ́ gbá a.

"Kí ni mo jókòó lé yìí?"

"Sìmẹ́ńtì ni, Màámi."

"Ti yàrá mi?"

"Ẹ̀n, mà."

Mo ń retí èébú. Èébú ì bá tiẹ̀ dáa.

"O ò sì yọjú wò ó?"

"Ẹ̀yin lẹ ní a kì í yọjú wo kóló."

"Owó ni mo wí, ọmọ mi." Wọ́n rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wá jókòó, o ti dúró jù."

Mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bi mí ní "yàrá mi ńkọ́" mọ́. Mo ṣì ń retí kí wọ́n bi mí.